Daṣọbolẹ̀ àti Aṣọ Ìyàwó

Ọjọ́ tí ìyá ìyàwó wá gbaṣọ ni gbogbo àdúgbò mọ irú ọkọ tí aránṣọ fẹ́. Ọ̀la ni ìgbéyàwó. Aránṣọ ti rán aṣọ funfun náà tán, ó ti ká a sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Nígbà tó nawọ́ sí i, kò bá a níbẹ̀. Àpò àgékù aṣọ, èyí tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbé lọ sóko, ló wà ńlẹ̀ digbí. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó kọrí sóko, ìyá ìyàwó sì tẹ̀ lé e.

Wọ́n bá ọkọ rẹ̀ tó tẹ̀ ba láàárín àgbàdo. Aṣọ ìyàwó wà lórí ilẹ̀ gbalaja, ó ti fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Ìyá ìyàwó káwọ́ lérí. Ọkùnrin yìí ká etí aṣọ sókè, ó ki ọwọ́ bọ ilẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ kan ibí, ìyá. Ẹ wo bó ṣe tutù."

"Ṣé ẹ ò rí i pé aṣọ yẹn lápá ni?" ìyàwó rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Mo rí i. Mo ṣe bí o gé e bà jẹ́ ni."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Daṣọbolẹ̀, orúkọ náà sì bá a dé sàréè. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n sin ín tí àbúrò rẹ̀ fi wá bá aránṣọ nídìí maṣíìnì.

"Ìyàwó wa, oko yẹn rí wúruwùru. Ẹ jẹ́ ká dáná sí gbogbo pàǹtí tó fi bolẹ̀ yẹn, kí n lè bá yín gbin àgbàdo bí ọmọ èèyàn."

Oko náà ló ń bọ́ ilé. Bí kò bá sẹ́ni tó gbìn ín lọ́dún yìí, ebi ni. Aránṣọ ní kó jẹ́ káwọn pàdé lóko. Ó gbé àpò àgékù kan dání kí iná lè bá a jó o, nítorí àwọn àpò náà ti pọ̀ dé ibi pé kò ríbi nasẹ̀ sí mọ́.

Ó ń lọ, ó ń rò ó. Kí ni ojú rẹ̀ ò tíì rí? Bí àlejò bá gbé ẹ̀bùn wá nínú páálí, páálí tó máa fi bolẹ̀ lọkọ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dúpẹ́ fún. Pòròpórò àgbàdo tí àwọn ará oko fẹ́ sun, á lọ tọrọ rẹ̀, á rù ú gba títì kọjá, mọ́tò á máa fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ó kó o jọ sẹ́yìn ilé títí ikán fi gbabẹ̀ wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aránṣọ ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn tí ikán ti jẹ bá ọwọ́ rẹ̀ jáde.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?"

"Mo rí i. Ó dáa tí kì í ṣe oko ni wọ́n lọ."

Ọdún tó kọ́kọ́ bolẹ̀, ó bò ó nípọn jù, àgbàdo ò ríbi yọ. Ó kúnlẹ̀ láti àárọ̀, ó ń fi ìka ya koríko fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kí wọn kú ewu. Ìyàwó rẹ̀ gbóúnjẹ dé.

"Rọra tẹlẹ̀," ọkọ rẹ̀ wí, "ekòló wà níbẹ̀." Irú ohùn jẹ́jẹ́ yẹn, kò fi bá òun sọ̀rọ̀ rí látọjọ́ tó ti fẹ́ òun. Inú bí i, ó gbóúnjẹ rẹ̀ padà sílé.

"Ìwọ ń ránṣọ fún èèyàn," ọkọ rẹ̀ sọ nígbà tó délé. "Ta ló ń rán tilẹ̀? Oòrùn ń pa á, omi inú rẹ̀ ń gbẹ. Bí aṣọ tí mo dà bò ó bá jẹrà, ilẹ̀ á rọ̀, gbòǹgbò á ríbi gbà. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un."

"Ẹ jẹun," ni ìyàwó dáhùn. Ó ti sú u.

Àfi ọdún tí òjò dá nígbà tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Ti gbogbo ayé ká ewé, ti Daṣọbolẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Àwọn ará oko wá bi í ní oògùn tó lò. Ó mú wọn jókòó, ó ń ṣàlàyé títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n kábàámọ̀ ìbéèrè wọn.

Nígbà tí aránṣọ dóko, àbúrò ọkọ rẹ̀ ti mú ìṣáná dání. Òjò ti dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilẹ̀ aládùúgbò ti le, ó ti sán. Aránṣọ fẹ́ sọ pé kó ṣáná sí i. Ó kàn ṣí pòròpórò kan wò ni, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà wọlé títí dé ọrùn ọwọ́. Ibẹ̀ tutù. Ekòló kan rìn kọjá lára ìka rẹ̀.

Ọdún mélòó ni ọkùnrin yìí fi bẹ òun pé kóun fọwọ́ kan ibí?

"Ẹ fi ìṣáná yẹn sápò," ó wí. "Ẹ gbìn ín báyìí, n ó máa bolẹ̀."

"Nínú wúruwùru yìí?"

"Nínú rẹ̀ náà ni."

Ó tú àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó ń tẹ́ àgékù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n bóyá èyíkéyìí lápá. Ó bú ọkọ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ wá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó fẹsẹ̀ kọ pòròpórò wàràwàrà.

"Ẹ rọra tẹlẹ̀," aránṣọ wí. "Ekòló wà níbẹ̀."