Ọ̀rọ̀ Tí Kò Léwu

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Yorùbá nínú pálọ̀ mi ní Sábó. Àwọn òbí wọn gbọ́ Yorùbá dáadáa o. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ sí ọmọ nílé, wọ́n á wá ní kí n bá àwọn tún un ṣe. Ọ̀nà tèmi kò le: màá mú ọ̀rọ̀ tuntun kan, màá fi ṣe gbólóhùn, kálukú á sì fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé tiẹ̀ ṣe tiẹ̀. Mi ò kì í gba "ajá jẹ eegun" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé kan, ìyá ọmọbìnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ìgbà òjò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ ni pé ó wà ní Kánádà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ọ̀rọ̀ tó máa kan Dádì ẹ̀ lónìí. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Èmi náà ò sì tíì lè sọ ọ́."

Inú bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ìkókó. Mo ní, "Títí dìgbà wo?" Omi lé ròrò sí i lójú, mo bá gbà fún un. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi kọ́ opó bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀?

"Ṣàárò" ni mo ti kọ sójú pátákó. Mo sáré pa á rẹ́, mo kọ "díbọ́n" dípò rẹ̀. Lójú tèmi, kò séwu níbẹ̀.

Mo ní, "Ológbò mi díbọ́n pé òun ń sùn, ẹja ló fẹ́ jí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ náà kò lọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn àwọn ọmọ, ó di báàgì rẹ̀ mọ́yà, èmi nìkan ni mò ń rí i.

Ọmọkùnrin kan nawọ́. "Mo díbọ́n pé inú ń run mí, kí n má baà lọ sí súkúù."

Òmíràn ní, "Dádì mi díbọ́n pé àwọn ń sùn, kí wọ́n má baà fọ abọ́."

Bí mo ṣe gbọ́ "Dádì", mo bojú wo ìyá ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo fẹ́ fo ọmọbìnrin náà dá, kí n pe ẹlòmíì, àmọ́ ó ti dìde.

"Mò ń díbọ́n," ó rọra ń sọ ọ́, bí mo ṣe kọ́ wọn, "pé mi ò mọ̀ pé Dádì mi ti kú, kí Mọ́mì mi má baà máa sunkún."

Báàgì já bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ ìró rẹ̀, ó yíjú padà, ó rí ìyá rẹ̀. Kíá ló ti rẹ́rìn-ín.

"Àpẹẹrẹ lásán ni, Mọ́mì," ó ní. "Àǹtí ló ní ká ṣe é."