Ọwọ́ Tó Mọ Kéwú

Ṣáá, ṣáá, ṣáá. Àkúfọ́ igbá ọwọ́ mi ń gbá gàrí lọ, ó ń gbá a bọ̀ nínú agbada. Èéfín ń ta mí lójú, òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan sì ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀fà. Ìyá ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó ń sẹ́ èyí tí a ti yan. Lójijì, ó dáwọ́ dúró.

"Tún un sọ."

"Kí ni, Ìyá àgbà?"

"Ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ. Má dáwọ́ dúró o, gàrí á jóná!"

Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnu mi ń ṣiṣẹ́. Kéwú ni mò ń ké, súrà gígùn kan tó ti ń bá mi jìjàkadì látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jókòó ti wàláà, pátákó tí a ń kọ kéwú sí, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ ń sá fún mi. Àbúrò mi obìnrin ti mọ tirẹ̀ tán. Wólíìmọ̀ sì ń bọ̀, ọjọ́ tí àwọn tó parí kéwú máa ń dúró lójú gbogbo àdúgbò, tí wọ́n á kà á láìwo nǹkan kan. Àáfà wa ti sọ fún ìyá mi pé kí àbúrò mi ṣe tirẹ̀, kí èmi dúró di ọdún mìíràn. Àwọn ọmọ ilé ti ń pè mí ní "àbúrò àbúrò ẹ̀".

Nídìí agbada yìí, mo ké e dé ìdajì kí n tó kọsẹ̀. Ìyá àgbà ò gbọ́ kéwú, àmọ́ ó mọ ibi tí mo ti kọsẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti dúró.

"Ọwọ́ ẹ ló ń ké e," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹnu kàn ń tẹ̀ lé e ni."

Láti ọjọ́ náà, gàrí yíyan di tèmi. Àbúrò mi á jókòó tì mí, á ka díẹ̀, èmi á máa yan, mà á máa gbà á. Àwọn oníbàárà tó wá láti Ìjàgbò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, gàrí yín yìí, ṣé ká ṣe àlùwàlá ká tó mu ún ni?"

"Ẹ ṣe é o, kẹ́ ẹ sì fọ ẹnu yín dáadáa!"

Nígbà tó yá, Ìyá àgbà gbéra lọ bá Àáfà. "Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Bó bá tì í, èmi ni kẹ́ ẹ bú." Àáfà gbà.

Ọjọ́ pé. Aṣọ funfun, lọ́fínńdà, àgbàlá kún fọ́fọ́. Wọ́n fún oníkálukú wa ní wàláà tí a ti kùn lọ́ṣọ̀ọ́, pé ká fi ọwọ́ méjèèjì dì í mọ́ àyà. Ó kàn mí. Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnì kan pòṣé. Àbúrò mi ń wolẹ̀.

Ni ohùn kan bá dún láàárín àwọn obìnrin: "Àáfà, ẹ gba wàláà lọ́wọ́ ọmọ yẹn!"

Àáfà wo Ìyá àgbà, ó wò mí, ó rìn wá, ó gbà á. Ọwọ́ ọ̀tún mi bá dìde fúnra rẹ̀, ó ń gbá afẹ́fẹ́ lọ, ó ń gbá a bọ̀.

"Ó ń yan gàrí!" Ẹ̀rín sọ.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Súrà ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Nígbà tí mo parí rẹ̀, Àáfà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ké "Alláhù Ákúbárù!", gbogbo àgbàlá sì gbà á. Ìyá àgbà ti bọ́ sójú agbo, ìborùn rẹ̀ ti já bọ́, kò tilẹ̀ bojú wò ó. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò lórí ńkọ́? Ẹ wá kí mi!"

Olùkọ́ ni mí báyìí, nílé ìwé kan tí kò jìnnà sí ojú irin. N kì í bi ọmọ bóyá ó gbọ́n. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ ń gbé ni mo máa ń wá. Òmíràn ń fò kó tó mọ ìṣirò, òmíràn á kọ́kọ́ yàwòrán, òmíràn á dijú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ń fẹsẹ̀ lulẹ̀, ariwo wa gbé ọ̀gá ilé ìwé wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Mummy, kí ló dé? Ṣé ọjà ni?"

Mo fa àga fún un. "Ẹ jókòó, sà. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

Ó jókòó. Nígbà tí agogo fi máa lù, ọ̀gá ti ń fẹsẹ̀ lulẹ̀, ó ń bá wọn ka ìsọdipúpọ̀, ohùn rẹ̀ ló sì ga jù.