Ògiri Tí Ilé Wa Bá Ilé Kejì Pín

Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Chicago, òkè pátápátá la háyà nínú ilé àtijọ́ kan ní apá gúúsù ìlú. Oníbíríkì pupa ni. Wọ́n kọ́ òun àtàwọn ilé tó kù ládùúgbò náà mọ́ra wọn ní ìlà kan, tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló la ilé méjì láàárín. Fèrèsé wọn ga, ó tò lọ́gbọọgba, gíláàsì kan sì wà lókè ilẹ̀kùn iwájú tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá. Wọ́n ní àwọn olówó ayé ìgbà kan ló kọ́ wọn, tí wọ́n ń fara wé ilé tí àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù kọ́ láyé àwọn ọba tó ń jẹ́ Jọ́ọ̀jì.

Opó kan, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló ni ilé wa. Màmá là ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i, òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ kiri.

“Kí ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹ?”

Nígbà tí mo ṣàlàyé pé bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń ti ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀, yìnyín bo àtẹ̀gùn iwájú, ni mo bá gba ilẹ̀kùn kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ wọlé. Màmá pè mí.

“Má gba ibẹ̀ mọ́. Ìyá mi ló ń dáná fún àwọn tó ni ilé yìí nígbà yẹn. Ilẹ̀kùn yẹn ló ń gbà wọlé. Kò fẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn iwájú rí, àfi tó bá ń fọ̀ ọ́.”

Ẹnu yà mí. “Màmá, ilé yìí gan-an lẹ wá rà?”

“Èmi àti ọkọ mi ni. Àwọn olówó ti kó lọ. Wọ́n ti fi pákó gé àwọn yàrá ńlá sí wẹ́wẹ́, ìdílé kan nínú yàrá kan. A tú pákó náà dànù, la bá rí ìyẹn.” Ó nàka sí òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun mọ sára àjà. “Ìyá mi ti kú ká tó rà á. Ìyẹn ló ń dùn mí.”

Ilé tó bá wa pín ògiri ti ṣófo tipẹ́. Ẹni tó ni ín kò tún un ṣe, òjò sì ń wọ inú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé katakata wá wó o, kò sì fi igi kankan ti ògiri tiwa. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Tiwa lanu, òtútù ló wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá Màmá tó ń ki ìka bọ ibi tó sán.

“Ṣé ó máa dúró, Màmá?”

“Ó ti wà kí wọ́n tó bí mi,” ó ní, àmọ́ kò wojú mi.

Òṣìṣẹ́ ìjọba wá wò ó, ó ní ká kó jáde. Ọmọbìnrin Màmá wá fi mọ́tò gbé e lọ sílé tirẹ̀ ní Country Club Hills lẹ́yìn ìlú, àwa náà sì kó lọ sí Hazel Crest tó wà nítòsí ibẹ̀. Kó tó pẹ́, wọ́n wó gbogbo ìlà náà. Ọmọ Màmá bẹ̀ wá pé ká má jẹ́ kí ìyá òun gbọ́.

“Ta ló ń gbé ilé wa báyìí?” Màmá bi mí nígbà tí mo lọ kí i.

Ọmọ rẹ̀ ṣẹ́jú sí mi.

“Tọkọtaya kan ni, Màmá. Wọ́n lọ́mọ.”

Ojú rẹ̀ tàn. “Sọ fún wọn kí wọ́n máa ṣí fèrèsé ẹ̀yìn tí ooru bá dé. Afẹ́fẹ́ adágún ńlá ẹ̀bá ìlú ń gba ibẹ̀ wọlé.”

Mo ní màá sọ fún wọn. Ìgbà ooru ọdún yẹn kò bá Màmá láyé.