Wọ́n Ní Ẹnì Kankan Ò Kú Nílé Iṣẹ́ Ọ̀dà

Inú táǹkì tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ni Bàbá Ọlọ́ṣẹ kú sí. Ọ̀sán gangan ni, èrò sì kún ọgbà ilé iṣẹ́ náà. Àwọn àlejò, tó fi mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àyíká àti òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Táǹkì fífọ̀ niṣẹ́ rẹ̀. Ilé kan náà la jọ ń gbé, mo mọ bó ṣe gba orúkọ yẹn. Tó bá tibi iṣẹ́ dé, kò ní í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìnkùlé ló máa gbà lọ wẹ̀, á gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, á tún bu omi. Ìgbà tí òórùn ọ̀dà bá lọ tán ló tó máa gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọṣẹ ni ọkùnrin yìí fẹ́, ọmọ òun kàn tẹ̀lé ọṣẹ wọlé ni. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá, ẹ ṣáà bá mi ra sí i."

Ẹni tó ń ṣọ́ra báyìí nítorí ọmọ ni ọ̀gá wọn nílé iṣẹ́ ọ̀dà ń sọ pé àìfarabalẹ̀ ló pa.

Ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó máa ń di okùn tí wọ́n so mọ́ ọn mú lẹ́nu táǹkì, sọ òótọ́ fún wa. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú táǹkì, kí òórùn ọ̀dà má baà pa ẹni tó wà nínú rẹ̀, ni wọ́n gbé lọ sábẹ́ àgọ́, kí ooru má baà mú àwọn àlejò. Bàbá Ọlọ́ṣẹ ní òun á dúró dìgbà tí wọ́n bá dá a padà. Ọ̀gá ní àlejò ò gbọdọ̀ bá ìdọ̀tí, ẹni tí kò bá lè wọlé kó máa lọ sílé, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ó wọlé. Kò pẹ́, ẹnìkejì rẹ̀ pè é, kò dáhùn. Ó fa okùn, ó wúwo. Kí wọ́n tó gbé e jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lábẹ́ àgọ́, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa lọ́wọ́.

Ìwé tí ilé iṣẹ́ náà tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn rẹwà. Wọ́n ka gbogbo igi tí wọ́n gbìn. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn kankan ò kú lọ́dún náà, torí agbaṣẹ́ṣe ló gba Bàbá Ọlọ́ṣẹ síṣẹ́. Nígbà tó ń fọ táǹkì wọn, tiwọn ni. Ìgbà tó kú, wọn ò mọ̀ ọ́n rí.

Opó rẹ̀ lọ bá wọn lọ́fíìsì. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, tí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ yín, ta ló rán an wọnú táǹkì yín?" Wọ́n ní kó jókòó, wọ́n gbé omi tútù fún un. Ó fi omi náà sílẹ̀, ó dìde.

Èmi náà ń bá a béèrè. Kí wọ́n kà á mọ́ òṣìṣẹ́ wọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Kí ọ̀gá tó rán an wọlé wá rojọ́ níwájú adájọ́, kí àwọn tó wà lókè rẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ ibẹ̀ wò, tẹ́ ẹ ń pàtẹ́wọ́ lábẹ́ àgọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ọmọ òkú ń dàgbà bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kó tó gbọ́n débi tí yóò béèrè.