Ọjọ́ Tí A Dìbò Lórí Ìyọ̀ǹda Oníbàárà ní Okere

Ọdún mẹ́ta ti kọjá lẹ́yìn ìpàdé náà, síbẹ̀ tí mo bá ń gba Okere, àdúgbò kan nílùú àjèjì tí mo ń gbé, kọjá, mo máa ń yí ojú kúrò lára gbọ̀ngàn tí a ti ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí pé ìjà wo ló le jù fún mi, ẹ máa ń retí pé n ó sọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì tí a ṣe nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Rárá. Nígbà yẹn, èèyàn pọ̀ lẹ́yìn mi.

Aṣọ ọmọ tuntun ni mo ń tà lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Àwa oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké dá ìkànnì ayélujára kan sílẹ̀ pa pọ̀, kí oníbàárà lè máa rajà láti ilé. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé síbẹ̀, ìkànnì náà ń fi àmì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kúkì sínú fóònù rẹ̀. Àmì yìí ló ń sọ ohun tí onítọ̀hún wò fún àwọn onípolówó. Ẹnikẹ́ni kì í bi í bóyá ó fẹ́.

Ejiro, ìyàwó ilé kan ní Otor-Udu, jẹ́ oníbàárà mi. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó tún lóyún, kò sọ fún ẹnì kankan. Ó kàn wo aṣọ ọmọ lórí ìkànnì wa. Láti ọjọ́ náà ni ìpolówó aṣọ ọmọ ti ń yọ lójú fóònù rẹ̀, títí ìyá ọkọ rẹ̀ fi yá fóònù náà, tó sì rí i. Ìyá náà kéde fún gbogbo ẹbí. Kò pẹ́ tí oyún náà tún fi wálẹ̀. N kò sọ pé ìpolówó ló fà á. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ tí ì bá dá gbé mọ́ra ti di ọ̀rọ̀ àdúgbò.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò jókòó.

“Mama, na only your shop I look,” ló wí. “Who tell dem?”

Mo lọ bi ẹni tó ń bá wa bójú tó ìkànnì náà, òun ló ṣàlàyé kúkì fún mi.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé ẹgbẹ́ àwa oníṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí ìkànnì wa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá ó gbà tàbí kò gbà, kí kúkì kankan tó wọ fóònù rẹ̀. Mo ní òfin ìlú pàápàá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Alága wa, ọmọ Ọ̀yọ́ bíi tèmi, tí a jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà, rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Sàkíná, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọn á sá lọ. Ta ló fẹ́ ka òfin nígbà tó ń wá bàtà?”

“Alága, kí a bi wọ́n ni mo wí. Ẹni tó bá fẹ́ á gbà.”

“Ẹ má torí obìnrin kan da ọjà gbogbo wa rú.”

Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ mi nawọ́. Ọwọ́ mi nìkan ló gòkè. Mo wo Ìyá Rùká, ọ̀rẹ́ mi tó ti pẹ́ jù. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo kó ọjà mi kúrò lórí ìkànnì náà. Wọ́n ṣì ń kí mi, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í dúró lẹ́yìn ìkíni. Mo pe Sàkíná, ọmọ mi, ní Èkó, mo ro ẹjọ́ fún un ní Yorùbá. “Mama, leave dem na,” ló dá mi lóhùn.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́tà ìkìlọ̀ kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ni wọ́n bá fi ìbéèrè náà sójú ìkànnì. “Mo gbà” tóbi gbàgàdà, “N kò gbà” kéré débi pé mo fi awò sójú kí n tó rí i. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún mi. Ohun tí a rí gbà nìyẹn, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ta ló wá fa Ejiro jáde?

Ẹgbẹ́ wa kò tíì rán ẹnikẹ́ni lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, kò sí nílé. Ìgbà kejì, mo rí i tí ẹnì kan ká kọ́tìnì díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ṣílẹ̀kùn. Mo dúró díẹ̀, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé mi ní Ekurede. N ó tún lọ.