Fóòmù Tí Mo Rù Lọ sí Òkè Àdúrà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí a kúrò ní Tamale, ní àríwá ilẹ̀ Ghana. Ọmọ ìjọ Yorùbá tó wà ní Tishigu ni gbogbo wa, a ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí òkè àdúrà kan tó wà lẹ́yìn Walewale. Ọyẹ́ mú débi pé eyín ń lu eyín. Àwọn yòókù ká ẹní, wọ́n fi há abíyá. Èmi ru fóòmù.

Mo fẹ́ ṣàlàyé fóòmù yìí fún ẹ̀yin ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí mo gbọ́ pé ìròyìn rẹ̀ ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Òfin ìrìn náà kò pọ̀. Olúkúlùkù ni yóò ru ohun tí yóò fi sùn. Mótò Kíńgì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó ẹrù níhìn-ín, yóò máa tẹ̀lé wa pẹ̀lú ìkòkò àti omi. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le, inú rẹ̀ ni wọn yóò gbé e sí, ìrìn ẹni náà kò sì kà mọ́. Alàgbà Jóṣúà, tó ń darí wa, kì í fi èyí ṣeré. Bó bá rí i tí ènìyàn di ìbàdí mú, á kàn ní, "Wọlé."

Ìbàdí mi sì ń dùn mí. Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, ló fẹ́ rin ìrìn yìí. Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ó ní kí n bá òun rìn ín. Mo ní mo gbọ́. Ó kú. Nítorí náà n kò gbọdọ̀ wọ Mótò Kíńgì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mọ̀ nípa ìbàdí mi.

Kí ọjọ́ ìrìn tó pé, mo kọ́kọ́ tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní yàrá, mo sùn lé e wò. Lówùúrọ̀, ògiri ni mo dì mú kí n tó dìde. Mo ṣẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan tó ní àwòrán ẹkùn po, mo sùn lé ìyẹn náà. Ó rọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo bí ewúrẹ́ tó lóyún. Mo wá lọ sí ọjà ńlá, mo ra fóòmù tuntun ní ọ̀ọ́dúnrún sídì. Ẹní kò ju ọgọ́ta lọ.

Nílé yín, ènìyàn lè ra fóòmù kí ó gbé e relé ní àlàáfíà. Ní Zongo níhìn-ín, àdúgbò àwọn àlejò bíi Sábó tiyín, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú kì í ra fóòmù tuntun lásán. Ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó ló ń rà á, ojúu títì ló sì ń gbé e gbà, kí ayé lè bá a yọ̀. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ìbàdí ló jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹni tó tà á fún mi so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn lọ́fẹ̀ẹ́. N kò bèèrè ìdí. Kí n tó jáde lọ́jà, àwọn ọlọ́máṣíìnì ti ń pè mí ní "Ango!" Ọkọ ìyàwó nìyẹn ní èdè Hausa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Màmá Ráúfù, dé láti Moshie Zongo lọ́jọ́ náà. Kò jókòó.

"Àjàní, ta ni?"

"Ta ni báwo, Màmá?"

"Obìnrin tí o fẹ́ fẹ́ ni!"

Bí mo bá dárúkọ ìbàdí, yóò dé etí Alàgbà kí oòrùn tó wọ̀. Mo dákẹ́.

"Ó dákẹ́! Ìyá Dèbórà ni. Mo ti mọ̀!"

Opó ni Ìyá Dèbórà, ó ń ta irú, tí wọ́n ń pè ní dáwádáwá níbí, ní Tishigu. Mo máa ń kí i ni. Òun náà sì wà nínú àwọn tó ń rìn.

Ọ̀nà Savelugu tẹ́jú, ọ̀dà ló wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní igi tó lè dá afẹ́fẹ́ dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ọ̀tún, fóòmù á yí mi sí òsì. Ìgbà kan wà tí mo rìn díẹ̀ padà sí Tamale kí n tó mọ̀. Àwọn obìnrin Dagomba ń kí wa ní "Amaraba," ìyẹn ẹ káàbọ̀. Ọ̀kan ní kí n ta fóòmù náà fún òun. Mo ronú sí i.

Ní Savelugu, a jẹ wasawasa, èlùbọ́ iṣu tí wọ́n fi ooru sè títí tó fi dà bí iyanrìn dúdú. Ó dùn ju bó ṣe rí lọ. Kíláàsì ilé ìwé kan ni wọ́n fún wa láti sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn fóòmù.

"Bàbá Tíìmọ́!" Alàgbà pariwo mọ́ mi. "Kí lẹ fẹ́ ṣe? Ṣé wọ́n ń sùn lórí fóòmù ìyàwó kí ìyàwó tó dé ni?"

Gbogbo ilé ní èèwọ̀ ni. Wọ́n gbé e sórí tábìlì tíṣà kí eruku má bà á. Orí sìmẹ́ǹtì ni mo sùn, mo ń wò ó lókè.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń rìn bí akàn. Nígbà tí a kọjá Pong-Tamale, Ìyá Dèbórà sún mọ́ mi.

"Bàbá Tíìmọ́, ẹ káàárọ̀. Wọ́n ní fóòmù mi lẹ rù yẹn."

"Rárá o, mà."

"Ọlọ́run ṣeun. Èmi nìkan ni bẹ́ẹ̀dì mi ń gbà, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Kí lẹ wá rù ú sí?"

N kò mọ ohun tó ṣe mí. Mo sọ ti ìbàdí fún un, mo sì sọ ti Àbẹ̀kẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó wẹ̀yìn. Alàgbà ń bọ̀, Mótò Kíńgì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi.

Ìyá Dèbórà dìde, ó já fóòmù gbà lórí mi, ó gbé e ka orí ara rẹ̀.

"Ẹ nàró. Ó ń wò yín."

Ariwo ta lẹ́yìn wa. "Ẹẹ́ẹ̀! Ìyàwó ti gba fóòmù rẹ̀!" Alàgbà fúnra rẹ̀ jó lójúu títì.

"Ṣé ẹ rí i? Wọn ò wo ìbàdí yín mọ́."

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń wò, mà."

"Wọ́n á wò mí tì."

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn obìnrin ń lọ sí yàrá tiwọn, ó ju fóòmù sílẹ̀ níwájú Alàgbà. "Ṣebí tèmi lẹ ní ó jẹ́? Mo ní kí Bàbá Tíìmọ́ sùn lé e. Ọkùnrin mi kì í sùn lórí sìmẹ́ǹtì." Alàgbà ní ọ̀rọ̀ ìyàwó ti parí ẹjọ́. Mo sùn bí ọmọ tó mu ọmú yó.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹsẹ̀ mi ni mo fi gun òkè náà. Níbẹ̀, mo sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé a ti dé. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n Alàgbà ti ń gbàdúrà ìbejì fún èmi àti Ìyá Dèbórà. Gbogbo àdúrà ni Ìyá Dèbórà ṣe àmín sí lọ́jọ́ náà, àfi ọ̀kan yẹn.

Ọkọ̀ la wọ̀ padà. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé mi, Màmá Ráúfù sì ń dúró dè mí. Mo ti pinnu láti sọ òtítọ́.

"Màmá, kò sí ìyàwó kankan. Ìbàdí ló ń dùn mí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ra fóòmù."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Fóòmù náà dà?"

Mo wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Awakọ̀ ní wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù Ìyá Dèbórà nígbà tí mo ń sùn.

"Ó wà nílé Ìyá Dèbórà."

Igbe ayọ̀ tó ké, ó dá mi lójú pé òun lẹ gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí arìnrìn-àjò mú ohun tí yóò jẹ́ kó sùn, kí ó sì tètè sọ ìdí rẹ̀, kí ọjà má bàa bá a sọ ọ́. Mo ti wá sọ ọ́ báyìí. Kí àwọn tó ti ń rán aṣọ ṣe sùúrù.

Fóòmù ṣì wà ní Tishigu. Ìbàdí ní kí n lọ gbà á. Mo ti fọ fugu mi, ẹ̀wù òfì àwọn ará ibí tí mo fi ń ròde. Mo sá a sóòrùn. Bó bá ti gbẹ, mà á lọ.