Ọlidé Tí Gbogbo Ilé Sùn Ní Pálọ̀

Ní àdúgbò tí Mojí ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde, Màmá Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì rárá. Bí ó bá pe ọmọ kan ní títì, ọmọ mẹ́ta ni yóò dúró. Ọkọ rẹ̀, Frederick, tó wa ọkọ̀ ìjọba títí orí rẹ̀ fi funfun, kì í bá a fa ọ̀rọ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ bá tíṣà jiyàn, kó kọ́kọ́ lọ ra ṣọ́ọ̀kì," bẹ́ẹ̀ ni yóò wí, tí yóò sì máa rẹ́rìn-ín.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá ẹ̀rín náà dúró. Frederick dìde níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì di ohun tí ó ń fara balẹ̀ wá kó tó rí i. Kàkà kí àìsàn náà so àwọn ọmọ wọn méjèèjì pọ̀, ńṣe ló tú wọn ká. Máyọ̀wá, àkọ́bí, fẹ́ gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Àbújá. Ìtùnú, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní ẹni tó bá gbé bàbá kúrò nílé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ìgbèkùn ló gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀, ó di pé wọn kì í kí ara wọn mọ́.

Nígbà tí ọlidé gígùn dé lọ́dún tó kọjá, Mojí fi dandan lé e pé kí gbogbo wọn wálé. Máyọ̀wá mú ìyàwó rẹ̀ àti Mofẹ́olúwa, ọmọbìnrin wọn, dání. Ìtùnú náà dé. Kálukú wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Àfi bí ìjì ṣe jà lọ́jọ́ kejì! Ó ká páànù orí àwọn yàrá bí ìgbà tí èèyàn ká ẹní, pálọ̀ àti kíṣìnì nìkan ló ṣẹ́ kù. Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Wọ́n fi tapólì bo ibi tó ṣí, wọ́n sì kó fóòmù wọn wá sí pálọ̀, tí orí Ìtùnú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ Máyọ̀wá.

Nígbà tó yá, Mojí ní òun yóò se ìkọ́kọrẹ́, ó bá gbé ewùrà fún Máyọ̀wá kó rin ín. Ọkùnrin tó ti pẹ́ ní Àbújá ti gbàgbé pé ewùrà máa ń yún ni. Kò tíì rin ín dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọwọ́. Ó fi ọwọ́ náà nu ojú, ó tún fi họ ọrùn, ló bá ń ta pọ́nún-pọ́nún káàkiri ẹ̀yìnkùlé.

"Dádì, kí ló ṣe yín?" Mofẹ́olúwa béèrè.

Ìtùnú ti fọwọ́ bo ẹnu títí, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, ẹ dúró ná! Ẹ má họ ọ́ mọ́!" Ó sáré bu epo pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra á lọ́wọ́.

"O wá ń fi mí ṣẹ̀sín," Máyọ̀wá wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ni kò ní fi yín ṣẹ̀sín? Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ewùrà ń lé kiri!"

Frederick, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó na ọ̀pá sí ewùrà náà. "Òun ni... kí ẹ gbé lọ... sí Àbújá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Máyọ̀wá dọ̀bálẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú epo lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, Bàámi. Ilé yín náà lẹ ó wà." Ìtùnú fà á dìde.

Láìpẹ́ sí i, Abdulrauf kápẹ́ńtà, tí Mojí kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó igi dé. "Màmá Tíṣà, bí òjò bá dá, kíá ni màá parí ẹ̀."

Mojí wo inú pálọ̀. Mofẹ́olúwa ṣí ìwé sórí itan bàbá àgbà, ó ń kọ́ ọ ní kíkà, bàbá àgbà sì ń pè é tẹ̀ lé e bí ọmọ dáadáa. Máyọ̀wá àti Ìtùnú ń jiyàn lórí ẹni tó fọ́ rédíò ilé nígbà èwe wọn. Mojí fa kápẹ́ńtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Abdulrauf, ṣé o ò níṣẹ́ níbòmíràn ni?"

"Mo ní, mà."

"Lọ ṣe tibẹ̀ ná."

"Ṣùgbọ́n ilé yín ò lórùlé, mà!"

"Ṣé mo fẹjọ́ sùn ọ́ ni? Ó yá, máa lọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe lo gbogbo ọlidé náà pọ̀ nínú pálọ̀ kan ṣoṣo.

Lọ́dún yìí, páànù tuntun ti wà lórí ilé. Ìtùnú ti lọ ṣiṣẹ́ nílùú Ọba, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí Máyọ̀wá ráyè wálé fún ọlidé. Síbẹ̀ Mojí gbá gbogbo yàrá, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá jókòó sórí ọ̀kan. Frederick fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Mojí, kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Mi ò wá nǹkan kan, Bàbá Máyọ̀wá. Ilé yìí ló kàn tóbi jù."

Frederick wá ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì rí i. "Àwọn ló lọ. Èmi ò lọ."

Mojí gbójú sókè wò ó. Ó rántí àwọn ọjọ́ tí ẹnu yẹn kò lè pe orúkọ òun já. Ó dìde, ó fi apá kọ́ tirẹ̀, wọ́n jọ rọra ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Kí lẹ ó jẹ?"

"Àgbàdo sísun."

"Pẹ̀lú eyín wo?"

"Ìyẹn náà... ò tíì lọ tán."

Ẹ̀rín tí Mojí rín, aládùúgbò gbọ́ ọ.